Kọ́kọ́rọ́ Kì í Ṣe Àìfọkàntánni
Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

  

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ìtàn bí a ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn ohun tí a ti gbé ṣe àti orúkọ àwọn tó ti darí wa wà ní ojú ewé mìíràn nínú ìwé ìrántí yìí. Fọ́tò Ojúde Ọba náà wà níbẹ̀, ẹ ó sì rí i pé aṣọ wa kò gbẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí àwa ẹ̀ka ìpolongo sọ lónìí kò ní ìlù nínú, kò sì ní ẹṣin nínú. Ọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ ni, èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń ṣí lórí fóònù.

Ìdí tí a fi mú un wá síwájú yín ni pé ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tí ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀ máa dìbò lé. Akápò wa dá a lábàá pé kí a ti àwọn apá kan pa nínú ìwé ìṣirò náà, kó má jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ní líǹkì lọ́wọ́ lè yí i padà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa dìde, ó ní, “Ọdún mẹ́wàá la ti jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu. Ta wá ni olè nínú wa tí ẹ fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́?” Ilé pa lọ́lọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọ̀pọ̀ nínú wa lára. Ó yẹ kí a dá ẹ̀gbọ́n lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni.

Ibi tí a ti ń bọ̀

Ẹ rántí alájọ ìgbà àwọn ìyá wa. Ó ń gbé káàdì kiri ọjà, ó ń fàmì sí ojú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá dá owó. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ yẹn kì í wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Oníbàárà ní káàdì tirẹ̀, alájọ ní ìwé tirẹ̀. Bí oṣù bá parí, wọ́n á gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á kà á. Kò sí ìyá aláta kankan tó bínú pé alájọ fi olè pe òun nítorí pé ó ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́. Alájọ náà kò sì bínú pé ìyá aláta tọ́jú káàdì sábẹ́ ìrọ̀rí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀, lẹ́jà kan ni akápò ń gbé wá sípàdé. Bíírò ló fi ń kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí iye owó padà níbẹ̀, àfi kó fa ìlà lé e, gbogbo ayé á sì rí ibi tó fa ìlà sí. Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Bíírò yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ wa nígbà náà, a kàn ò pè é bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti tàn ká, lẹ́jà kò tó mọ́. A gbé ìṣirò wa sórí irú ìwé tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní spreadsheet. Kì í ṣe ohun tuntun láyé. Ní 1979 ni Dan Bricklin àti Bob Frankston ní Amẹ́ríkà gbé èyí tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ jáde fún kọ̀ǹpútà kékeré, wọ́n pè é ní VisiCalc. Excel ti ilé iṣẹ́ Microsoft dé ní 1985. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹnì kan ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà kan, ìwé kan ló sì ń ṣí. Ohun tó yí nǹkan padà ni Google Sheets tó jáde ní 2006, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lè wà nínú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí olúkúlùkù ń kọ tirẹ̀ láti ibi tó wà. Excel náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí.

Èrè rẹ̀ fún wa kò kéré. Ẹni tó wà ní London kò ní láti pe akápò lóru kó tó mọ iye tí òun ti san. Ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ẹni tó wà ní Houston ń rí ohun kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ pọ̀ nínú àwo, ó yẹ kí a mọ ọwọ́ tó ń bu ọbẹ̀ àti ọwọ́ tó ń bu omi.

Ohun tó ń ṣe àpótí tí kò ní kọ́kọ́rọ́

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìwé yìí dà bíi kíréètì ẹyin. Àpótí kéékèèké ló tò lọ jáńtírẹrẹ. Èyí tó tò láti òkè dé ìsàlẹ̀ là ń pè ní òpó, èyí tó tò láti òsì sí ọ̀tún là ń pè ní ìlà. Irú àpótí méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tí ènìyàn ń kọ nǹkan sí, bí orúkọ tàbí iye owó. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé fọ́múlà ló wà nínú wọn, èyíinì ni àṣẹ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó ro àwọn àpótí kan pọ̀, kó sì gbé àròpọ̀ rẹ̀ síta. Bí a bá wò wọ́n lójú lásán, irú méjèèjì jọra. Nọ́ńbà ni gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní owó oṣù jẹ́ ₦5,000. Ẹnì kan san án déédéé láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kẹsàn-án, àpótí àròpọ̀ rẹ̀ sì ń fi ₦45,000 hàn. Ẹlòmíràn ṣí ìwé náà, ọwọ́ rẹ̀ kan àpótí àròpọ̀ yẹn, ohun tó wà níbẹ̀ sì pa rẹ́. Ẹ̀rù bà á. Ó rántí pé 45,000 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ 45,000 padà. Ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó rò pé òun ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n fọ́múlà ti lọ, nọ́ńbà lásán ló kù. Oṣù kẹwàá, ìkọkànlá àti ìkejìlá, arákùnrin wa san owó rẹ̀ pé, akápò kọ ọ́ síbi tó yẹ, àròpọ̀ kò sì kúrò ní ₦45,000. Nígbà tí ọdún parí, ìwé sọ pé ó jẹ gbèsè ₦15,000. Kò sí ẹni tó jalè. Kò sí ẹni tó purọ́. Ìwé ló ń purọ́.

Èkejì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan fẹ́ mọ ẹni tó san jù. Ó yan òpó owó nìkan, ó ní kí kọ̀ǹpútà tò ó láti orí èyí tó pọ̀ jù. Owó tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ dúró síbi tí wọ́n wà. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, owó Táyé ti bọ́ sí ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé, ti Kẹ́hìndé ti bọ́ sí ẹsẹ̀ Ìdòwú. Àròpọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ kò yí padà rárá, nítorí náà akápò tó ń wo ìsàlẹ̀ ìwé kò ní fura.

Ẹ̀kẹta ni ti fóònù tí a gbé fún ọmọ ọdún mẹ́ta kó fi wo kátúùnù. Ọmọ yẹn kò mọ owó ẹgbẹ́, kò sì mọ ìlà tí ìka rẹ̀ ń pa rẹ́.

A mọ ẹgbẹ́ kan dáadáa tí irú èkejì yìí ṣẹlẹ̀ sí, a kò ní dárúkọ wọn. Òfin wọn ni pé ẹni tí kò bá jẹ gbèsè ni ẹgbẹ́ ń fi owó ìsìnkú ràn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn pàdánù ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé, ìwé ní ó jẹ gbèsè oṣù méje. Ọkùnrin náà ní òun ti san. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá. Ẹ ronú sí i: ẹni tó ń wá pósí, tó ń wá ẹni tó máa se oúnjẹ, wọ́n ní kó lọ wá ìwé tí báńkì fi jẹ́rìí owó tó san ní ọdún tó kọjá. Ó sin ìyá rẹ̀ láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé òpó owó ló tò kúrò lẹ́sẹ̀ orúkọ, wọ́n gbé owó náà lọ bá a nílé. Ó gbà á, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò wá sípàdé mọ́. Owó ṣeé dá padà. Ọjọ́ ìsìnkú ìyá ẹni kò ṣeé dá padà.

Ìdí nìyí tí a fi ní ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni.

Ohun tí iṣẹ́ báńkì kọ́ wa

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní báńkì mọ̀ pé ẹni tó tẹ owó ńlá kan sínú kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń fọwọ́ sí i. Ẹlòmíràn á yẹ̀ ẹ́ wò, á fi ontẹ̀ tirẹ̀ sí i, kí owó tó kúrò níbì kan. Yàrá tí owó ń sùn, ẹnì kan kì í dá ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni méjì, méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀gá tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ń tẹ̀lé òfin yìí bí ẹni tó wọṣẹ́ ní àná ṣe ń tẹ̀lé e, kò sì sí ẹni tó ń sọ pé wọ́n fi olè pe òun.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni ẹni tí òfin náà ń gbè jù. Ní ọjọ́ tí owó bá dín, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ á lọ sílé, á jẹun, á sùn. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, gbogbo ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà kọjá ni wọ́n ń fura sí. Kọ́kọ́rọ́ máa ń dáàbò bo ẹni tí kò jalè ju bó ṣe ń dí olè lọ́wọ́ lọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Aláǹgbá tí à ń sọ níhìn-ín, ìfura ni.

Lónìí, bí nǹkan bá dàrú nínú ìwé wa, akápò nìkan ni gbogbo ènìyàn máa yíjú sí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tó lè kan ìwé náà pọ̀ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣé ó bójú mu kí ẹnì kan máa dáhùn fún ọwọ́ gbogbo wa?

Bí a ṣe ń tì í

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fún ẹgbẹ́ tirẹ̀, fún ilé ìjọsìn tàbí fún àjọ ẹbí lè rí i mú lọ sílé.

Nínú Excel, ohun kan wà tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Gbogbo àpótí ibẹ̀ ló ti ní àmì tí wọ́n ń pè ní Locked lára láti ọjọ́ tí a ti ṣí ìwé náà. Ṣùgbọ́n àmì yẹn kò ṣe nǹkan kan títí a ó fi pàṣẹ Protect Sheet. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi àgádágodo kọ́ ẹnu gbogbo ilẹ̀kùn ilé, tí wọn kò tíì tẹ ìkankan pa. Nítorí náà, ẹni tó bá sáré pàṣẹ Protect Sheet á ti gbogbo ilé pa mọ́ ara rẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí a kọ́kọ́ mú àgádágodo kúrò lára àwọn àpótí tí a fẹ́ kí ènìyàn máa kọ nǹkan sí. A ó yan àwọn àpótí náà, a ó tẹ Ctrl àti 1 pọ̀, a ó lọ sí Protection, a ó sì yọ àmì tó wà níwájú Locked. Lẹ́yìn náà ni a ó wá lọ sí Review, a ó tẹ Protect Sheet, a ó sì fi pásíwọọ̀dù sí i bí a bá fẹ́. Láti ìgbà náà lọ, àpótí tí a ṣí á gba nọ́ńbà, àpótí fọ́múlà á kọ̀ jálẹ̀.

Nínú Google Sheets, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, kò sí ohun tó tì láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwa la ó sọ ibi tí a fẹ́ tì. A ó lọ sí Data, a ó tẹ Protect sheets and ranges, a ó sì tọ́ka sí òpó tàbí ojú ìwé tí a fẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ó kàn máa kìlọ̀: bí ènìyàn bá fẹ́ yí nǹkan padà, ìwé á bi í pé ṣé ó dá a lójú. Èkejì ni kí a dárúkọ àwọn tó lè kọ nǹkan síbẹ̀, kí ẹlòmíràn má lè ṣe é rárá. Ohun tó dùn nínú èyí ni pé òpó kan lè jẹ́ ti akọ̀wé, òpó kejì kó jẹ́ ti akápò, nínú ìwé kan ṣoṣo. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olúkúlùkù á dúró síbi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ.

Kí a tó dé orí àpótí pàápàá, ẹnu ọ̀nà wà. Nígbà tí a bá ń fi líǹkì ránṣẹ́, a lè sọ pé kí ẹni tó gbà á máa wò nìkan, tàbí kí ó máa wò kó sì máa sọ èrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó lè yí i padà. Ọ̀pọ̀ nínú wa, wíwò nìkan la nílò. Ẹni tó fẹ́ to owó láti orí èyí tó pọ̀ jù lè lo ohun tí Google ń pè ní filter view: á tò ó fún ojú ara rẹ̀ nìkan, ìwé gan-an kò sì ní ṣípò fún ẹlòmíràn.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń pè ní data validation. Ó ń jẹ́ kí a sọ irú ohun tí àpótí kan gbọ́dọ̀ gbà. Bí a bá ní nọ́ńbà nìkan ni òpó owó gbọ́dọ̀ gbà, ẹni tó bá kọ “ó ti san” síbẹ̀, ìwé á dá a padà. Bí fọ́múlà bá pàdé ọ̀rọ̀ níbi tí nọ́ńbà yẹ kó wà, á fò ó, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí kọ́kọ́rọ́ kò lè ṣe

A kò fẹ́ tan yín pé bí a bá ti tì í, gbogbo ìṣòro ti tán. Ohun mẹ́rin wà tí títì kò lè ṣe.

Àkọ́kọ́, kì í ṣe àpótí ìṣúra. Microsoft àti Google fúnra wọn sọ ọ́ gbangba pé títì yìí kì í ṣe ààbò fún ohun àṣírí. Ẹni tó bá lè wo ìwé náà lè dà á kọ. Òpó tí a fi pamọ́ kò di àṣírí nítorí pé ojú kò rí i. Nítorí náà, nọ́ńbà àkáǹtì àwọn ọmọ ẹgbẹ́, BVN àti NIN wọn kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé tí gbogbo ẹgbẹ́ ń ṣí. Ohun tí a fi ń tì í ni kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì kàn án.

Èkejì, kọ́kọ́rọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín fọ́múlà tó tọ̀nà àti èyí tó ṣìnà. Ó ń ṣọ́ méjèèjì bákan náà. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì tó lórúkọ ní Amẹ́ríkà, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, gbé ìwádìí kan jáde lórí gbèsè orílẹ̀-èdè àti ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé. Àwọn olóṣèlú ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń tọ́ka sí i nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí dídín ìnáwó ìjọba kù. Ní 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Massachusetts tó ń jẹ́ Thomas Herndon rí ìwé Excel tí wọ́n fi ṣe ìṣirò náà gbà. Ó rí i pé fọ́múlà kan tó yẹ kó kó orílẹ̀-èdè 20 pọ̀, 15 péré ló kó. Márùn-ún bọ́ sẹ́yìn. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì gbà pé àṣìṣe wà nínú ìṣirò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kókó ọ̀rọ̀ àwọn kò yí padà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá fi àgádágodo méje ti fọ́múlà yẹn, orílẹ̀-èdè 15 náà ni ì bá máa kà lọ. Kí a yẹ̀ ẹ́ wò ná, kí a tó tì í.

Ẹ̀kẹta, kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ìdè ni. Bí a bá gbàgbé pásíwọọ̀dù tí a fi ti ojú ìwé Excel, Microsoft kò lè bá wa rí i padà. Bí ó bá sì jẹ́ pé orí ìmeèlì ẹnì kan ni ìwé ẹgbẹ́ wà, kí Ọlọ́run má ṣe é, ọjọ́ tí ẹni náà kò bá sí mọ́, ta ló máa ṣí i?

Ẹ̀kẹrin, kọ́kọ́rọ́ kò sọ ìtàn. Ìtàn wà ní ibòmíràn. Google Sheets ní ohun tí wọ́n ń pè ní version history, tó ń tọ́jú bí ìwé ṣe rí láti ìgbà dé ìgbà, tó sì ń fi ẹni tó yí i padà hàn. Ibẹ̀ ni ojú àpá tí bíírò ń fi sílẹ̀ láyé àtijọ́ wà báyìí. Ṣùgbọ́n bí líǹkì bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti kọ nǹkan, ẹni tí kò fi ìmeèlì rẹ̀ wọlé kò ní ní orúkọ níbẹ̀.

Ohun tí ìpàdé máa dìbò lé

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àbá tí akápò àti àwa jọ gbé wá síwájú yín nìyí.

Òpó orúkọ á wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Òpó owó á wà lọ́wọ́ akápò nìkan. Àpótí fọ́múlà á wà ní títì fún gbogbo ènìyàn, àti akápò náà. Bí ó bá yẹ kí a yí wọn padà, akọ̀wé owó á ṣí i lójú ayẹ̀wé-owó-wò.

Nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìbí á wà ní ojú ìwé tirẹ̀, níbi tí olúkúlùkù á ti lè tún tirẹ̀ ṣe. Gbogbo wa tó kù á máa wo ìwé owó, a ó sì lè sọ èrò wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí kò bá yé wa. Kò sí ohun tí a ń fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: ojú gbogbo wa á máa rí ohun tó ń rí tẹ́lẹ̀, ọwọ́ nìkan ló máa dín.

Kí a tó ti fọ́múlà èyíkéyìí, ayẹ̀wé-owó-wò á fi ẹ̀rọ ìṣirò ro orúkọ mẹ́wàá tó bá wù ú, á fi wé ìwé tí báńkì tẹ̀ fún wa. Á máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ọdún tí a bá ti yẹ̀wò tán, a ó ti gbogbo ojú ìwé rẹ̀ pa, gẹ́gẹ́ bí báńkì ṣe ń ti ìwé ọdún tó bá ti lọ.

Ìmeèlì tí ìwé náà á wà lórí rẹ̀ á jẹ́ ti ẹgbẹ́, kò ní jẹ́ ti ẹnì kan. Pásíwọọ̀dù rẹ̀ á wà lọ́wọ́ ẹni méjì, a ó sì fi ẹ̀dà kan sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa lọ́dọ̀ bàbá ìsàlẹ̀ wa. Bí ìgbìmọ̀ tuntun bá dé, a ó yí i padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbàṣẹ.

Ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, akápò á fi ẹ̀dà ìwé náà tí kò ṣeé ṣàdédé yí padà ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Káàdì àjọ tí àwọn ìyá wa ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí nìyẹn. Bí tiwa àti tiyín kò bá dọ́gba lọ́jọ́ kan, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ méjèèjì.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀gbọ́n wa bi wá pé ta ni olè. Èsì wa ni pé kò sí. Nítorí pé kò sí olè láàárín wa la ṣe fẹ́ tì í, kó má baà di ọjọ́ kan tí ìṣirò tó dàrú á wá sọ fún wa pé ó wà. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa kò ní mọ bí a ṣe fọkàn tán ara wa tó. Ìwé ni wọ́n máa bá nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ìwé tó ń sọ òtítọ́.

Ìfura loògùn àgbà. Ọjọ́ orí wa ti ń mú wa súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń pe ènìyàn ní àgbà, ẹ jẹ́ ká lo oògùn rẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ wá sípàdé gbogbogbò, ẹ bi wá ní ìbéèrè tó bá wù yín, ẹ sì dìbò bí ọkàn yín bá ṣe ní kí ẹ dì í.

Ẹgbẹ́ wa kò ní fọ́. A ò ní fi ọ̀rọ̀ owó sọ ọ̀rẹ́ nù. Ẹni tó bá ń ṣọ̀fọ̀ nínú wa, ọwọ́ ẹgbẹ́ á tètè kàn án. Ẹni tó bá ń yọ̀, ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ á pé sílé rẹ̀. Ọdún kẹwàá ti sojú wa, ogún ọdún á sojú gbogbo wa láìku ẹnì kan.